Ọ̀nà Ò Jìn, Ìdúró Ló Pọ̀: Bí Mo Ṣe Lọ Tún Ìpè Àna Ṣe ní Odomẹ̀ta

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo dé ibùdókọ̀ Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta, àmọ́ àwọn onímọ́tò ti ń fà mí lápá bí ẹni pé èmi nìkan ni èrò tí Ọlọ́run dá lọ́jọ́ náà. Báàgì méjì ni mo gbé. Aṣọ wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì ni ẹ̀rọ tí ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì wà, pẹ̀lú àwo kékeré méjì tí ń fi í ránṣẹ́ láti òrùlé kan sí òmíràn, wáyà tó gùn tó ogójì mítà, àti àwọn irinṣẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni fóònù mi dún. Màámi ni, láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo ń bọ̀ wá wò mí?" Mo ní, "Màámi, mi ò gbọ́ yín dáadáa o, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa níbí." Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dáa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n purọ́ mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ẹni tí ń tún un ṣe.

Ṣíkírátù ló ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Odomẹ̀ta ni, lábẹ́ Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó máa ń wá ra àdìrẹ ní Ìtòkú tó ń lọ tà lọ́jà Kétu, ibẹ̀ la ti di ọ̀rẹ́, ọdún kẹrin rèé. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń jẹ́ Ràfíù, ọmọ àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ràfíù ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Libreville, ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù. Kò tíì rí ìwé ìgbélùú gbà, tó bá sì jáde níbẹ̀ báyìí, wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé. Nítorí náà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ọ̀rọ̀ òun àti bàbá ìyàwó ti ń wáyé.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kíni nílé wa. Àgbà á ní, "Ilé ńkọ́?" Kí ó tó pa ẹnu dé, ọmọdé ti ní, "Wọ́n wà dáadáa." Tí ìdáhùn bá pẹ́, ìkíni ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí Bàbá Ṣíkírá bá sì kí Ràfíù, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ìdáhùn tó dé. Bàbá kì í ṣe ẹni tí ń dúró de ọmọdé, wọ́n á ti bọ́ sí ìbéèrè mìíràn, ìdáhùn ti àkọ́kọ́ á wá já lé èkejì lórí. Lọ́jọ́ tó burú jù, Bàbá bi í pé, "Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa?" Kò sí ìdáhùn. Bàbá ní, "Àbí o ti ní obìnrin mìíràn lọ́hùn-ún ni?" Àsìkò yẹn gan-an ni ohùn Ràfíù dé, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Bàbá gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á tún bá ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Tó bá tún fi wọ́n wọ́lẹ̀, gbogbo ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ gbé wá tọrọ ìyàwó á padà sí Àjàṣẹ́. Ṣíkírá pè mí, ó ń sunkún. "Tàǹtí," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó bá jù wọ́n lọ níbẹ̀ nìyẹn, "bí ẹ ò bá wá, ó parí fún mi nìyẹn." Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ń pẹ́ kó tó dé etí mi. Mo ní mò ń bọ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni mo san láti Láfẹ́ńwá dé Ìlárá, tó wà ní ẹnu ibodè. A gba Ayétòrò, a gba Ìmẹ̀kọ. Ọ̀nà náà dáa níbòmíràn, níbòmíràn sì rèé, kòtò ló ń wa ọkọ̀, kì í ṣe dírẹ́bà. Mo bi dírẹ́bà wa, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, bóyá ọ̀nà náà jìn.

Ó ní, "Ọ̀nà ò jìn. Ìdúró ló pọ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi nígbà tí a kúrò ní Ayétòrò. Okùn ni àwọn ọlọ́pàá àti kọ́sítọ́ọ̀mù ń ta sójú ọ̀nà. A ó rìn díẹ̀, okùn á dá wa dúró, ẹnì kan á wo inú ọkọ̀, á béèrè ohun tí ẹni ìṣáájú ti béèrè, wọ́n á sọ okùn kalẹ̀, a ó tún rìn díẹ̀. Mo ka mẹ́tàdínlógún. Ní ìkejìlá, ọ̀dọ́kùnrin kan fa ọ̀kan nínú àwọn àwo mi jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ bu ọbẹ̀ sí i.

"Kí lèyí, Màmá?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró lójú ọ̀nà ni."

Dírẹ́bà kùn sínú irùngbọ̀n rẹ̀ pé, "Ká ṣáà fi ọ̀kan síbí." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́kùnrin náà sì dá wa dúró fún ogún ìṣẹ́jú sí i. Ẹnu wa ló fà á.

Ní òdìkejì ibodè, owó di séfà, kẹ́kẹ́ alùpùpù sì di zẹ́mìjáǹ. Èdè Fọ̀n ni, wọ́n ní ó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá." Ẹni tó gbé mi jẹ́ ọmọ Kpankou, lábẹ́ Kétu níbẹ̀. Kó tó gbéra, ó dúró ra epo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pe irú epo bẹ́ẹ̀ ní kpayo. Nílé wa, bí èèyàn bá ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò, a mọ̀ pé ọ̀wọ́n epo ti dé. Níbí, wọ́n to ìgò náà sórí tábìlì dáadáa bí ẹni ń ta oyin. Mo ní kó rọra wa alùpùpù nítorí ẹrù mi. Ó ní, "Tàǹtí, ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́," ó sì fò wọ inú kòtò àkọ́kọ́.

Ní Kétu, ebi ti ń pa mí. Mo ra àkàsà, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ wa gan-an, àmọ́ tiwọn le díẹ̀ jù tiwa lọ, pẹ̀lú ẹja díndín, ata lílọ̀, àti wàgásí, wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n dín pọ́n. Ẹgbẹ̀rin séfà ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin tó ń tà á kí mi kú ìrìn, ó kí mi kú oòrùn, ó béèrè àlàáfíà ilé tí mo ti ń bọ̀, kó tó wá béèrè ohun tí mo fẹ́ jẹ. Ní Abẹ́òkúta, "Èló lẹ fẹ́?" ni ìkíni. Yorùbá wọn sì ń múnú mi dùn. Apá kan rẹ̀ dà bí èyí tí ìyá ìyá mi ń sọ, apá kejì jẹ́ Faransé tí wọ́n wọ̀ ní ṣòkòtò. Ẹgbẹ̀rún kan séfà ni mo tún san fún ọmọ Kpankou kó gbé mi dé Odomẹ̀ta, lórí ilẹ̀ pupa, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, eyín mi pàápàá ti pọ́n.

Ìta ni mo bá Bàbá Ṣíkírá, lórí ìjókòó igi. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n gùn, wọ́n gbẹ, ojú wọn kì í sì í kúrò lára èèyàn. Mo kúnlẹ̀, wọ́n kí mi, mo ń dáhùn. Ìkíni náà lọ títí tí orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Ìgbà wo ló ń dé?"

Mo ní, "Bàbá, èmi ni ọ̀gá náà."

Wọ́n yẹjú wo ẹ̀yìn mi, bóyá mo gbé ọ̀gá pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí ẹnì kankan, wọ́n ní kí n wá jókòó.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì náà, wọ́n sọ tẹnu wọn fún mi. "Wọ́n ní rézó ni," ni wọ́n wí, bí àwọn Faransé ṣe ń pe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nìyẹn. "Rézó, rézó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, láti oko kan la ti ń ké sí ara wa ní oko kejì. Ẹni tí a bá ké sí kì í pẹ́ kó tó jẹ́ wa." Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé. "Ìyá Ṣíkírá ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìgbà yẹn, Ṣíkírá ló ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kí mi. Gàbọ́ọ̀nù sì jìn." Ó yẹ kí n ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àmọ́ òrùlé ni mò ń wò, mò ń ronú ibi tí màá gbé àwo mi sí.

Òwúrọ̀ Sátidé ni mo tọpa íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Tẹlifóònù orí tábìlì ni Ṣíkírá rà fún Bàbá, irú èyí tó ní apá tí wọ́n ń gbé létí, nítorí pé Bàbá ò fẹ́ ohun tí wọ́n ń fi ìka pa lójú. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Ọ̀dọ̀ Fòfó Mùdá ni íńtánẹ́ẹ̀tì náà ti ń wá, fòfó sì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀. Ó ní òpó gíga kan tó ń gbà á láti Kétu, ó sì ń fi àwọn àpótí kéékèèké pín in láti ilé dé ilé. Àpótí márùn-ún ló wà láàárín òun àti Bàbá. Ọ̀kan wà lórí pákó adìyẹ. Adìyẹ ti yé ẹyin sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Ohùn wa kì í lọ lódidi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ a gé e sí wẹ́wẹ́, a dì í ní ẹrù kéékèèké, a sì rán wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ mìíràn á ti tún wọn tò. Ẹrù náà ń sáré gan-an. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àpótí yẹn, okùn ni. Ó ní láti gba ẹrù, kó dákẹ́, kó tó tún rán an síwájú. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ náà, mo sì rántí dírẹ́bà onírùngbọ̀n wa.

Okùn tó tóbi jù sì wà lọ́dọ̀ Fòfó Mùdá fúnra rẹ̀. Ó ń ta fíìmù. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa fíìmù wálẹ̀ fún àwọn oníbàárà, fíìmù sì wúwo. Ohùn Ràfíù, tó fúyẹ́ bí ìwé, á tò sẹ́yìn odindi fíìmù ogun kan, á máa dúró. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tó ṣe tẹlifóònù Bàbá ṣáájú mi ti pàṣẹ fún un pé kó kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ jọ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kó tó sọ ọ́ jáde, kí ohùn má baà máa já. Ohùn ò já lóòótọ́. Àfẹ́sọ́nà ló fẹ́ já.

Mo lọ bá Fòfó Mùdá. Mo ní mo fẹ́ ṣe é kí ohùn máa kọjá ṣáájú fíìmù nínú ẹ̀rọ rẹ̀, kí fíìmù sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní kò ṣeé ṣe, àwọn oníbàárà òun ò ní gbà.

"Fòfó, ọmọbìnrin mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́ta."

"Ẹni tó bá fẹ́ wá fẹ́ wọn láti òkè òkun, rézó ta ni yóò fi pe yín?"

Ó wo ilé Bàbá Ṣíkírá. Gbogbo Odomẹ̀ta ló ti gbọ́ "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Mo ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù." Ó gbé àga wá fún mi, ó ní kí n ṣe é kíákíá kí ìyàwó òun tó ti ọjà dé.

Mo gun òrùlé Bàbá pẹ̀lú ṣòkòtò mi, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò mí. Bàbá ní àwọn ò rí i rí kí obìnrin gun òrùlé àwọn. Mo ní kí wọ́n kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n má baà rí i. Mo de àwo kan mọ́ ibẹ̀, mo de èkejì mọ́ òpó Fòfó Mùdá, wọ́n sì ń wo ara wọn lójú. Àpótí márààrún di aláìníṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo dín ìdúró tẹlifóònù kù. Ilẹ̀ Faransé ni ọ̀rọ̀ ṣì ń gbà kọjá kó tó dé Gàbọ́ọ̀nù, àmọ́ mi ò lágbára láti sún ilẹ̀ Faransé kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ìdúró tó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì ti di ìdámẹ́rin ọ̀kan ṣoṣo. Inú mi dùn débi pé mo jẹ ẹyin adìyẹ yẹn ní oúnjẹ ọ̀sán.

A pe Ràfíù láti fi dán an wò. Mo ní, "Alóò, Ràfíù." Ó dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, tàǹtí." Mo wo ẹ̀rọ mi, kò sí ohun tó ṣe é. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti bí Bàbá nínú ni òun ti kọ́ ara òun láti máa ka ení, èjì, kí òun tó sọ̀rọ̀, kí òun lè mọ̀ pé àgbà ti sọ̀rọ̀ tán. Rézó ti gbádùn, ọmọkùnrin ò tíì gbádùn. Mo ní kó má ka nǹkan kan mọ́, kó dáhùn bí ẹni tí wọ́n bí dáadáa.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá jókòó sídìí tẹlifóònù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Ṣíkírá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ìkélé mú. Èmi gbé kọ̀ǹpútà sórí itan.

"Ràfíù."

"Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ o."

"Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Bàbá."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ, Bàbá."

"Àbí o ti ní obìnrin..."

"Rárá o, Bàbá!"

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Àmọ́ ẹnu wọn ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìkíni náà wá dùn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí àwọn méjì bá ń gún iyán nínú odó kan. Bàbá jókòó dáadáa. Ìgbà náà ni Ràfíù ní, "Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní Ṣíkírá kí n fi ṣaya."

Bàbá ò dáhùn.

Mo wo kọ̀ǹpútà. Ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, kò yí padà. Ṣíkírá gbójú sí mi bí ẹni tí mo ba ilé rẹ̀ jẹ́. Mo fọwọ́ kan wáyà, ó le. Ewúrẹ́ kan ké níta. A ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ní Libreville, ó mọ́ gaara. Bàbá ń wo ọwọ́ ara wọn. Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó wá yé mi, àánú sì ṣe mí débi tí mo fi fẹ́ kí n má ti wá. Èmi ni mo gba àwáwí kan ṣoṣo tí bàbá yìí fi ń dá ọmọ wọn dúró sílé lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí Ràfíù má lọ máa pariwo "Alóò? Alóò?" bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kò sì sọ nǹkan kan.

"Ràfíù."

"Bàbá."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń dúró dè yín ni, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Bí ìwọ àti ọmọ mi bá jà, tí kò dá ọ lóhùn, báyìí ni kí o máa dúró dè é. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Kí àwọn èèyàn rẹ wá dá ọjọ́."

Ṣíkírá fi ìkélé bo ojú. Bàbá dìde, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká bí wọ́n ti ń kọjá. "Ẹ̀rọ rẹ ò bàjẹ́, ọ̀gá," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo pẹ́." Wọ́n sì lọ sí oko, lọ́sàn-án gangan, láìmú ọkọ́ dání.

Mo gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n di wàgásí márùn-ún fún mi. Okùn mẹ́tàdínlógún yẹn ṣì wà níbẹ̀, wàgásí sì ku mẹ́ta nígbà tí mo dé Abẹ́òkúta. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo wẹ ilẹ̀ pupa kúrò lára, mo sì pe màámi láti ròyìn fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá ní, "Ìwọ tí o lọ sí Bẹ̀nẹ̀, ìgbà wo lo ń bọ̀ ní Ìsẹ́yìn?"

Mo dákẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta wà nílẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ náà. Mo ti la ẹnu láti ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Láti Abẹ́òkúta sí Ìsẹ́yìn, wákàtí méjì ni, ọ̀nà ò jìn rárá.

Màámi ò ní "Alóò." Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mò ń dúró dè ọ́."

Mi ò tú báàgì mi mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e padà lọ sí ibùdókọ̀, pẹ̀lú wàgásí mẹ́ta.